Ilẹ̀gbóná Inú Àpótí Gíláàsì

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà lórí Ìyá Ìlárá nígbà tí ó rí i. Wọn kò tíì bu omi fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú pálọ̀, èkejì ṣì wà níta, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sínú àpótí gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹja kéékèèké méje ni Akínyọdé ọmọ rẹ̀ ń sìn nínú omi àpótí náà, kì í ṣe fún jíjẹ, fún wíwò lásán ni. Nígbà ìkórè tí ìyá wá kí wọn kẹ́yìn, ara àwọn ẹja náà ń dán, pupa wọn pupa, dúdú wọn dúdú. Lónìí, ohun funfun wínníwínní ló sú bò wọ́n láti orí dé ìrù. Ó sú sí ojú wọn, ó sú sí lẹbẹ wọn. Ọ̀kan nínú wọn sì ń fi ara gbo òkúta ìsàlẹ̀ omi bí ẹni tí ara ń yún.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ lórí ìyá, ó fọ́n ká sílẹ̀.

"Màámi, ẹ rọra o!" Láídé, ìyàwó Akínyọdé, dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọ̀nà o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí," ni ìyá wí, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Àyà rẹ̀ ti já.

Mọ́rọ́nfọ́lá ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ nítorí pé Ìlárá ló ń gbé, gbogbo àdúgbò ọmọ rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ló ń pè é ní Ìyá Ìlárá. Àpá wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ihò-ihò ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bi í bó ṣe débẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò dàgbà ni wọ́n ń sọ fún pé kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Àrùn tó fi àpá yẹn sílẹ̀ ní orúkọ, ṣùgbọ́n a kì í dá orúkọ náà, pàápàá ní ẹ̀ẹ̀rùn. Olóde là ń pè é, tàbí ilẹ̀gbóná, ìyẹn náà pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ilé tó bá wọ̀, a kì í gbálẹ̀ níbẹ̀, a kì í gún ata, a kì í pariwo, a kì í sì í gbé ohun gbígbóná súnmọ́ aláìsàn. Bó bá wá pa ènìyàn, a kì í sunkún. "A dúpẹ́" là ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba bupá, àjẹsára rẹ̀, kí ẹ tó gbọ́njú, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra rín in. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Bí ìyá ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni Akínyọdé ti iléèwé dé. Tíṣà ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó béèrè àlàáfíà Ìlárá, kò sì tíì bọ́ bàtà tó fi gbé àtùpà, tó tàn án, tó sì tì í sábẹ́ àpótí gíláàsì. Irin ni ìdí àpótí náà, ó sì ga nílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Ohùn ìyá kéré jọjọ.

"Àwọn ẹja yìí ni, Màámi. Ọyẹ́ ọdún yìí ló mú wọn. Mo fẹ́ kí omi wọn gbóná díẹ̀."

"Kó gbóná?"

"Kó gbóná dáadáa. Mo ti da iyọ̀ sí i, mo sì ti lọ kuníìnì sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí òyìnbó fún mi wí." Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà kan rí ló fi àpótí náà ta á lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, tẹja tomi. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń wá yọjú ní fèrèsé tíṣà láti wo ẹja tí kò ní wọ ọbẹ̀ láéláé.

Ìyá ní, "Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan ló kọ́kọ́ mú. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti ran gbogbo wọn."

"Ó ń ràn?"

"Háà, Màámi! Ẹyọ kan péré ló ń fẹ́. Bí ọ̀kan bá ti ní in, ìyókù ti ní in nìyẹn."

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́! Ìyá wo ẹnu ọmọ rẹ̀ bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó wo iná tó ń jó lábẹ́ omi, jìnnìjìnnì bò ó. Iná! Lábẹ́ ohun tí gbogbo ayé ń fi omi tútù bẹ̀! Ìwé ti ya ọmọ òun ní wèrè, ni ó ń rò nínú ara rẹ̀. Ó fẹ́ kígbe. Ṣùgbọ́n bó bá kígbe, kí ni yóò pè é? Bó bá pè é, ó ti pè é sínú ilé nìyẹn.

Nígbà náà ni Yétúndé jáde láti yàrá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gba orí kan etí òdì kejì, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Òun nìkan ni Akínyọdé bí. Ọdún tí ìyá tó bí Ìyá Ìlárá kú ni wọ́n bí i, nítorí náà "Ìyá mi" ni Ìyá Ìlárá ń pè é, kò sì fi ṣeré. Ọmọ náà fò mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó sáré lọ sídìí àpótí, ó ki ọwọ́ bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń pe àwọn ẹja lórúkọ, ó sì fi ìka tó tutù náà sẹ́nu.

 Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fọ́n ká.

Apá ọmọ náà ló ń wò. Apá méjèèjì jọ̀lọ̀, kò sí àpá kankan níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn wolé-wolé ń bu apá fún àwọn ọmọ àdúgbò, Ìyá Ìlárá ló wá láti Ìlárá wá bẹ Akínyọdé pé kí wọ́n má fi ọ̀bẹ kan Ìyá òun. Bupá, lójú tirẹ̀, kíkan ilẹ̀kùn Olóde ni. Akínyọdé jiyàn títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n sún un síwájú ná. Ìyá ni ìyá. Wọ́n sún un, wọ́n sì gbàgbé.

Ìyá Ìlárá kò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Akínyọdé ti gba iléèwé lọ, tí Láídé sì lọ ra òwú ní Ṣàgámù, ó dìde. Ó kọ́kọ́ pa àtùpà tó wà lábẹ́ àpótí. Ó bu omi tútù nínú àmù, igbá kan, igbá méjì, ó rọra dà á sórí àwọn ẹja náà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni, kò mọ̀ ọ́n ṣe." Lẹ́yìn náà ó mú Yétúndé lọ́wọ́, ó di aṣọ rẹ̀ méjì sínú gèlè, wọ́n jáde.

Kò fi iṣẹ́ jẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí ni yóò ní kí wọ́n sọ? Ẹni tí yóò jíṣẹ́ yóò bi í pé kí ló lé e kúrò nílé, orúkọ yẹn náà sì ni èsì.

Oko ló ń gbé ọmọ sá lọ. Láti ayébáyé, bí Olóde bá wà nílùú, oko là ń sá lọ. Wọ́n wọ lọ́rì dé Ìlárá, wọ́n sì fẹsẹ̀ rin ìyókù lọ sí abà Yúnúsà, àbúrò rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ọ̀nà oko ni ara ti ń tù ú. Atẹ́gùn ń fẹ́, ọmọ ń já òdòdó, ó ń bi í bí àwọn ẹja yóò ṣe jẹun lálẹ́. "Wọn yóò jẹ," ni ó ń dá a lóhùn. Ó kọrin díẹ̀ pàápàá.

Ó yẹ kó ti rí i kó tó wọ abà. Ó rò ó títí lẹ́yìn náà, bí òun, nínú gbogbo obìnrin Rẹ́mọ, kò ṣe rí i. Ewé ti kún ojúde, wọn kò gbá a. Ọ̀sán pọ́n, kò sí ẹni tó ń gún nǹkan kan. Yúnúsà tí ohùn rẹ̀ máa ń dé oko ẹlòmíràn jáde wá pàdé wọn, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀nà. Kí ló gbé yín dé láìròtẹ́lẹ̀?"

"Mo ní kí n mú Ìyá mi wá gba atẹ́gùn ni."

Wọ́n ń purọ́ fún ara wọn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, nítorí ohun kan náà. Yúnúsà wo ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn, ó wo ọmọ, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ní kí wọ́n jókòó níta, ó ní ilé gbóná. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ wá. Kò sí ata nínú rẹ̀ rárá. Ìyá Ìlárá tọ́ ọ wò, ó ní inú àwọn ará oko yìí ti wá rọ̀ jù, àní kò mọ̀ síbẹ̀! Àárẹ̀ ọ̀nà àti àìsùn ti dí i lójú. Ó na ẹsẹ̀, ó fara ti ògiri, oorun gbé e lọ.

Ọwọ́ kékeré ló jí i.

"Ìyá Ìlárá." Yétúndé dúró níwájú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, inú rẹ̀ dùn. "Ìyá Ìlárá, Mọ́ṣúdù náà ní ti ẹja lára."

Ìyá kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. "Mọ́ṣúdù wo?"

"Mọ́ṣúdù ti Bàbá Yúnúsà. Ó sùn sí yàrá. Ó sú sí ojú rẹ̀, ó sú sí ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀pà lórí ẹní, a jọ jẹ ẹ́. Ṣé kí n bá a wá iyọ̀?"

 Ìyá yí ojú sí ilẹ̀kùn, ìgbà náà ló wá rí màrìwò Olóde tí wọ́n so sí àtẹ́rígbà, tútù, tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ó rí ewé ilẹ̀. Ọbẹ̀ aláìláta náà padà sí i lẹ́nu. Orí rẹ̀ wú, ó wú débi pé gèlè ń fún un. Ó ń sá fún ẹja, ó gbé ọmọ wá fi lé Olóde lọ́wọ́ gan-an.

Yúnúsà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọba ló sọ̀ sílé wa láti ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ sí yín létí. A dúpẹ́, a dúpẹ́."

Ìyá Ìlárá kò dúpẹ́. Ó gbé ọmọ ọdún márùn-ún pọ̀n, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, ó fún ọ̀já mọ́ ọn, ó kọ ẹ̀yìn sí abà, kò kí ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rin ọ̀nà oko náà, bó ṣe la Ìlárá kọjá láìwo ọ̀tún láìwo òsì, kò lè ròyìn rẹ̀ fún yín. Ọmọ ń sọ pé òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ rìn. Kò gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbọ́: èmi ni mo gbé e wá, èmi ni mo gbé e wá.

Akínyọdé ló pàdé wọn lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́, ó ń wa kẹ̀kẹ́ bọ̀ pẹ̀lú òógùn. Láti ìgbà tó ti délé bá ilé ṣófo ló ti ń wá wọn kiri.

"Màámi! Níbo lẹ gbé ọmọ yìí lọ? Láídé ti sunkún débi pé—"

"Ṣọ̀pọ̀ná!" ni ìyá ké.

Láàárín títì ni. Lójú ọjọ́ ni. Obìnrin méjì tó ru igi ń kọjá lọ, wọ́n sọ igi sílẹ̀, wọ́n sá wọ igbó. Akínyọdé kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Kẹ̀kẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wà lára Mọ́ṣúdù, ọmọ Yúnúsà. Ọmọ yìí bá a jókòó lórí ẹní. Wọ́n jọ jẹ ẹ̀pà. Akínyọdé, pa mí bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n gbé e lọ kí wọ́n bu apá fún un lónìí. Lónìí!"

"Kí lẹ wá débẹ̀ ṣe?"

"Mo ń gbé e sá fún ti ilé rẹ ni. Ti ẹja."

"Ti ẹja?" Ó ya ẹnu, kò lè pa á dé. "Màámi, kòkòrò ni! Kòkòrò kíún tó ń wọ abẹ́ awọ ẹja, tó ń jẹ ẹ́ lára. Kò lè ṣe ènìyàn ní ohunkóhun. Omi gbígbóná ló ń mú kó tètè jábọ́ lára wọn, iyọ̀ sì ń pa á bó bá ti jábọ́."

"O kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ẹ kò bi mí!"

"Ṣé irú èyí là ń bi ènìyàn?"

Akínyọdé gbé kẹ̀kẹ́ dìde. Ó gbé ọmọ síwájú kẹ̀kẹ́, ìyá jókòó sẹ́yìn, òun tó ti búra pé òun kò ní gun kẹ̀kẹ́ láyé òun. Ilẹ̀kùn dìsípẹ́ńsárì ni Ọ̀gbẹ́ni Fádáhùnsí tó ń pín oògùn níbẹ̀ ń tì lọ́wọ́ tí wọ́n fi dé. Ó gbọ́ àlàyé, ojú rẹ̀ le, ó ṣí ilẹ̀kùn padà. Ìyá Ìlárá fúnra rẹ̀ ló di apá Yétúndé mú nígbà tí wọ́n ń bù ú. Ọmọ ké. Kò tú u sílẹ̀.

"Ó bá àkókò àbí kò bá a?" ni Akínyọdé bi í.

"Bí kò bá ju òní lọ tó kàn án, ó ṣeé ṣe kó bá a," ni Fádáhùnsí wí. "Ẹ máa ka ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni kí ẹ kà, kí ẹ má sì jẹ́ kó jáde sáàárín ọmọdé."

Wọ́n délé bá ẹja méjì tó léfòó, ikùn wọn kọjú sókè. Omi tútù òjijì ló pa wọ́n. Yétúndé sunkún wọn títí. Láídé, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ búburú kan sí ìyakọ rẹ̀. Àìsọ náà sì dun ìyá ju èébú lọ.

Láti ọjọ́ kejì, Ìyá Ìlárá ló gba ìtọ́jú ẹja. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Òun ló ń tan àtùpà, òun ló ń ki ọwọ́ bọ omi láti mọ bó ṣe gbóná sí, òun ló ń wọn iyọ̀ tí Akínyọdé bá ní kó wọ̀n. Yóò yẹ ara Yétúndé wò láàárọ̀, lẹ́yìn náà yóò yẹ ti àwọn ẹja márùn-ún tó kù wò. Lọ́jọ́ kẹfà, ohun funfun náà ti ń bọ́ lára wọn. Lọ́jọ́ kẹjọ, kò kù ju ẹyọ méjì mẹ́ta lọ. Ọjọ́ kẹjọ náà ló bọ́ aṣọ Yétúndé láti wẹ̀ ẹ́, tó rí ìléròrò funfun kan, ó wú, ó pọ́n létí, lápá ọmọ. Ara ọmọ gbóná.

Igbe tó ké mú Láídé fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́. Akínyọdé ranṣẹ́ pe Fádáhùnsí kíákíá. Ìyá ti jókòó sílẹ̀, ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré, "A dú—", ṣùgbọ́n kò lè parí rẹ̀. Ó kọ̀ ọ́.

Fádáhùnsí wo apá náà, ó tún un wò. "Ṣé ibòmíràn wà?"

"Kò sí. Ibẹ̀ nìkan ni."

"Ibi tí mo bù ni. Ìyá, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bupá ti jẹ́."

Ìyá kò gbà á gbọ́ títí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún fi pé. Ó ń kà á lójoojúmọ́ pẹ̀lú èèpo obì tó ń jù sínú ife. Ní gbogbo ìgbà yẹn àwọn wolé-wolé ti dé abà Yúnúsà, wọ́n ti bu apá fún ẹni tó kù níbẹ̀. Mọ́ṣúdù yè é, ihò kún ojú rẹ̀ bíi ti Ìyá Ìlárá. Lára Yétúndé, àpá kan péré ló kù, roboto, lókè apá.

Lọ́jọ́ tó ka èèpo obì tó gbẹ̀yìn, ó gbé àpótí ìjókòó sídìí ẹja. Ara àwọn márààrún ń dán. Ó wá àpá lára wọn, kò rí ẹyọ kan. Ó wò wọ́n títí, ẹkún bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹkún àgbàlagbà, tí kò lójú tí kò nímú. Akínyọdé sáré wọlé.

"Màámi, kí ló dé? Ara ọmọ ti yá!"

"Ọláyídé ni mò ń sunkún."

"Ta ni Ọláyídé?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Àrùn tó jẹ mí lójú yìí náà ló pa á, kí n tó lóyún rẹ. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sunkún. Wọ́n ní kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́."

Akínyọdé, tó ti ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́bí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ Láídé dákẹ́.

Yétúndé fi ìka kan àpá apá rẹ̀. "Ṣé bupá ò tíì wà nígbà yẹn ni, Ìyá Ìlárá?"

"Ó wà, Ìyá mi. Wolé-wolé gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Èmi ni mo gbé Ọláyídé sá lọ sí oko."